Nígbà Tí Ẹ́ńjìnnì Bá Ń Míìsì: Wíwá Ìdí Àìsàn Òjijì Lára Píkọ́ọ̀pù Tó Ti Dàgbà ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé àgbà mọ̀ pé nǹkan kan ni ó gbé òun ṣubú, ó sì fẹ́ mọ nǹkan náà kí ó má baà tún gbé òun ṣubú lọ́la. Bí mọ́tò tí ó ti dàgbà bá ṣàìsàn lójijì, irú ojú àgbà yìí ni ó yẹ kí á fi wò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí a sábà máa ń rí yàtọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í míìsì, a ó sáré lọ ra púlọ́ọ̀gì tuntun. Bí kò bá gbọ́, a ó ra kọ́ìlì. Bí kò bá tún gbọ́, a ó tú kábúrétọ̀ palẹ̀. Ìgbà tí owó bá tán ni a ó tó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ fi yé ẹ̀yin òǹkàwé wa pé àìsàn tí ó bá dé lójijì sábà máa ń ní ìdí kan ṣoṣo, pé a lè rí ìdí náà bí a bá tẹ̀ lé ètò, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ètò náà kò gba owó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè ohun tí ó pa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ó ní sùúrù. Yóò rí i kí á tó dágbére pé ọ̀rọ̀ ẹnu awakọ̀ jẹ́ irinṣẹ́ nínú iṣẹ́ yìí bí sípánà ṣe jẹ́ irinṣẹ́.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI ṢE PÀTÀKÌ

Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀wọ̀, Ìpele, Ìdó-Aní, Ifọ́n àti àwọn abúlé tí ó yí wọn ká mọ̀ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ń jẹ. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, kòkó àti pákó ni wọ́n ń kó jáde láti oko wá sí ọjà. Ọ̀nà oko wọn kì í ṣe ọ̀nà ọlọ́dà. Píkọ́ọ̀pù ni ó lè gbé ẹrù wọ̀nyí, èyí tí apá àgbẹ̀ kékeré sì ká ni èyí tí ó ti lo ọjọ́: Peugeot 504, Toyota Hilux àtijọ́, tàbí Datsun. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní orílẹ̀-èdè wa. Ọdún 1979 ni Peugeot gbé píkọ́ọ̀pù 504 jáde. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dẹ́kun àti máa ṣe wọ́n, síbẹ̀ a ṣì ń rí àwọn tí ó kù lójú ọ̀nà, tí ọjọ́ orí wọn ju ti awakọ̀ wọn lọ.

Nǹkan méjì ni ó mú kí míìsì burú ju bí ó ti burú tẹ́lẹ̀ lọ. Èkíní ni owó epo. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye owó epo bẹntiróòlù ti ju ìlọ́po méjì lọ láàrin ìgbà díẹ̀. Sìlíńdà kan tí kò bá ṣiṣẹ́ nínú mẹ́rin ṣì ń mu epo, ṣùgbọ́n ṣe ni ó ń dà á nù. Èkejì ni ewu ojú ọ̀nà. A kò gbàgbé pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni àwọn oníbọn pa Olúfọ́n ti Ifọ́n, Ọba Israel Adéúsì, ní agbègbè Ẹlẹ́gbẹ́ka lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ́n. Bí ọba kò bá bọ́ lọ́wọ́ wọn nínú mọ́tò tí ń sáré, kí ni ti àgbẹ̀ tí mọ́tò rẹ̀ kú sínú igbó ní ìrọ̀lẹ́? Nítorí náà, ẹni tí ó lè mọ ohun tí ń ṣe mọ́tò rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ohun tí ó ju ìnáwó lọ.

KÍ NI MÍÌSÌ?

Ẹ́ńjìnnì tí à ń sọ yìí ní sìlíńdà mẹ́rin. Nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ni pístìnnì kan ti ń lọ sókè sódò bí ọmọ odó nínú odó. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ó ń ṣe ní ìtẹ̀léra. Yóò fa epo àti atẹ́gùn wọlé. Yóò tẹ̀ wọ́n pọ̀. Iná púlọ́ọ̀gì yóò ràn wọ́n, agbára iná náà yóò sì ti pístìnnì sísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò ti èéfín síta. Nínú iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan péré ni ó ń mú agbára wá. Ìdí nìyí tí àwọn sìlíńdà fi ń gba iṣẹ́ fún ara wọn, tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin fi ń tan iná ní ètò 1, 3, 4, 2.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tan iná ní ìgbà 1,500 láàrin ìṣẹ́jú náà, ìyẹn ni ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó di 100. Ẹ wò ó bí onílù mẹ́rin tí ń gba ọwọ́ fún ara wọn. Bí ọ̀kan bá pa ọwọ́ tirẹ̀ jẹ, ẹni tí ń jó yóò mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Ọwọ́ tí onílù pa jẹ yìí ni míìsì. Ara ẹ́ńjìnnì yóò máa gbọ̀n, agbára rẹ̀ yóò dínkù, sàlẹ́ńsà yóò sì máa dún bí ẹni tí ń wúkọ́.

Nǹkan mẹ́ta ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí gbà kí ó tó lè ṣiṣẹ́: iná tí ó lágbára ní àkókò tí ó yẹ, epo pẹ̀lú atẹ́gùn ní ìwọ̀n tí ó bá ara mu, àti ìtẹ̀pọ̀ tí kò jò. Kò sí ìkẹrin. Míìsì yòówù kí ó jẹ́, ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ni ó yẹ̀.

Wàyí o, òjijì ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ohun tí ń gbó kì í gbó lọ́jọ́ kan. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà, pístìnnì kì í sì í jẹ tán láàrin Ìpele sí Ọ̀wọ̀. Bí mọ́tò bá dára ní àárọ̀ tí ó ń míìsì ní ọ̀sán, nǹkan kan já, tàbí ó tú, tàbí ó tutù, tàbí ó dí, tàbí ó sán. Nǹkan kan yìí ni kí á wá.

ÌBÉÈRÈ NI Ó ṢÍWÁJÚ SÍPÁNÀ

Babaláwo kì í yan ẹbọ kí ó tó dá Ifá. Mẹkáníìkì tí ń pààrọ̀ páàtì láìbéèrè ọ̀rọ̀ ń yan ẹbọ láìdá Ifá. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo awakọ̀ àgbàlagbà kan tí ó kó ẹ̀gẹ́ láti oko kan lẹ́yìn Ìmóru, tí 504 rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í míìsì kí ó tó dé Ifọ́n. Mẹkáníìkì ọ̀dọ́ tí ó gbọ́n yóò kọ́kọ́ bi í báyìí:

“Bàbá, ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀?”

“Òwúrọ̀ yìí ni, ọmọ mi. Kò ṣe nǹkan kan nígbà tí mo kúrò nílé.”

“Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni, àbí lẹ́ẹ̀kan náà?”

“Lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bí mo ṣe la odò kékeré ẹ̀yìn oko kọjá báyìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì.”

“Ṣé ẹ ra epo lónìí? Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì lánàá?”

“N kò ra epo. Kò sí ẹni tí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.”

“Bí ẹ bá dúró lójú kan, ṣé ó ń míìsì, àbí ìgbà tí ẹ bá ń gun òkè nìkan ni?”

“Ìgbà gbogbo ni, ṣùgbọ́n ti orí òkè ni ó le jù.”

Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ti ti ilẹ̀kùn kan. Bí ó bá jẹ́ pé epo ni bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, a ó fura sí omi tàbí ìdọ̀tí nínú epo. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣí ẹ́ńjìnnì lánàá, a ó wò bóyá wáyà kan tú tàbí ó ṣi ipò. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná nìkan, kọ́ìlì tàbí kọ́ńdẹ́ńsà ni a ó kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n odò ni bàbá là kọjá. Omi ni ó ń jẹ́rìí, ibi tí iná ń gbà ni ó sì yẹ kí á kọjú sí.

Ti orí òkè pẹ̀lú ní ìtumọ̀. Nígbà tí mọ́tò bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ohun tí ń wọ sìlíńdà pọ̀ sí i, ìtẹ̀pọ̀ sì le sí i. Iná kì í rọrùn láti fò nínú ìtẹ̀pọ̀ líle. Iná tí kò lágbára lè ṣe bí ẹni pé kò sí àléébù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kí àṣírí rẹ̀ tú lórí òkè. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí mọ́tò dúró lójú kan ni ó ń míìsì, tí ó sì ń sàn bí a bá tẹ́ná sí i, ó ṣeé ṣe kí atẹ́gùn máa wọlé láti ibi tí kò yẹ.

SÌLÍŃDÀ WO NI KÒ ṢIṢẸ́?

Bí a bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, kí á wá sìlíńdà tí ń dákẹ́. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn a máa fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Àṣà yìí léwu, nítorí pé kọ́ìlì ń sọ agbára bátìrì tí kò ju fóòtì 12 lọ di nǹkan bí 20,000. Ohun tí ó dára jù ni kí á pa ẹ́ńjìnnì, kí á yọ wáyà kan, kí á ki púlọ́ọ̀gì àfikún sí ẹnu rẹ̀, kí á fi irin púlọ́ọ̀gì náà kan ara irin ẹ́ńjìnnì dáadáa níbi tí kò sí epo, kí á tó tún ṣí i. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá burú sí i, sìlíńdà tí a yọ wáyà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Bí ìró kò bá yí padà rárá, ọwọ́ ti ba ọ̀lẹ.

Kí á kíyè sí i pé láti ẹ̀yìn ni Peugeot ti ń ka sìlíńdà, ní ìhà gíábọ́ọ̀sì, kì í ṣe ní ìhà fáànù. Ẹni tí Toyota bá ti mọ́ lára lè ti ibi òdì kà á, kí ó sì ki wáyà sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí kò bá sí sìlíńdà kan pàtó tí ó dákẹ́, tí míìsì ń fò láti ọ̀kan sí èkejì, nǹkan tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń lò ni kí á wò: kọ́ìlì, rótọ̀, kọ́ńtáàtì, kọ́ńdẹ́ńsà, tàbí epo.

INÁ

Kí á yọ púlọ́ọ̀gì sìlíńdà tí kò ṣiṣẹ́, kí á ka ojú rẹ̀. Bí ó bá tutù fún epo, epo ń dé, iná ni kò dé. Bí ó bá gbẹ tí ó funfun, epo ni kò tó. Bí ó bá dúdú bí isà ìkòkò, tí ó sì gbẹ, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá dúdú tí ó ń dán fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ń jò wọ inú sìlíńdà. Lẹ́yìn èyí, kí á gbé púlọ́ọ̀gì yìí fún aládùúgbò rẹ̀, kí á sì gba ti aládùúgbò. Bí àìsàn bá tẹ̀ lé púlọ́ọ̀gì lọ, púlọ́ọ̀gì ni ó jẹ̀bi. Bí àìsàn bá dúró sí ojú kan, wáyà tàbí ìdérí dísítíríbútọ̀ ni kí á wò. Ìdánwò yìí kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì ṣe pàtàkì ju ìmọ̀ràn ẹni tí ń ta páàtì lọ.

504 oníbẹntiróòlù ní àbùdá kan tí ó bá ọ̀ràn bàbá wa mu. Inú ihò jíjìn tí ó la ìdérí orí ẹ́ńjìnnì kọjá ni púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà. Bí omi bá dà sínú ihò náà, yálà nígbà tí a là odò kọjá ni o, yálà nígbà tí a fọ ẹ́ńjìnnì ni o, iná yóò gba inú omi lọ sí ara irin, kò ní fò ní ẹnu púlọ́ọ̀gì mọ́. Rọ́bà tí ó yí ihò náà ká tún lè gbó kí ọ́ìlì máa jò sínú rẹ̀. Àkísà gbígbẹ tí a wé mọ́ igi tín-ín-rín lè jẹ́ gbogbo oògùn tí mọ́tò náà ń fẹ́.

Kí á tún ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, kí á nù ún gbẹ. Bí a bá rí ìlà dúdú tínńtín bí ojú ọ̀nà èèrà láàrin irin kan sí èkejì, iná ti la ọ̀nà ẹ̀bùrú, ìdérí náà ti kú nìyẹn. Kí á wo kọ́ńtáàtì: nǹkan bí mílímítà 0.4 ni ó yẹ kí ó là sílẹ̀ nínú 504. Ọ̀nà gbágungbàgun lè tú ìdè rẹ̀ kí ó pa dé. Bí ojú rẹ̀ bá jóná tí ó ní kòtò, kí á fura sí kọ́ńdẹ́ńsà. Ní ti kọ́ìlì, àmì rẹ̀ ni pé yóò dára nígbà tí ó tutù, yóò yẹ̀ bí ó bá gbóná, yóò sì tún jí bí mọ́tò bá sinmi. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ibi tí a wà kò sì léwu, kí á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí á wòye láìfọwọ́kàn: wáyà tí ó ti sán yóò máa kọ mànàmáná kékeré.

EPO ÀTI ATẸ́GÙN

Bí iná bá dára, kí á bọ́ sórí epo. Epo inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá ọ̀nà lè ní omi nínú. Kí á bu díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ fílítà sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, kí á gbé e kalẹ̀. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà omi yóò wà nísàlẹ̀ bí ẹni pé a fi ìlà pín wọn. Páǹkì epo tí ó ti dógùn-ún pẹ̀lú a máa rán ìpẹ́pẹ́ ìpáta sínú jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀. Bí mọ́tò bá ń rìn dáadáa fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó rẹ̀, kí á ṣí ìdérí páǹkì. Bí atẹ́gùn bá wọlé pẹ̀lú ìró fìì, tí ara mọ́tò sì yá, ihò inú ìdérí náà ni ó dí.

Epo kan kò lè jó láìsí atẹ́gùn tí ó tó ìlọ́po 14 sí 15 ìwọ̀n rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá wá ń wọlé láti abẹ́ kábúrétọ̀ tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú, iná kò ní ràn dáadáa. Kí á fa ṣóòkù díẹ̀. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá sàn, epo kéré tàbí atẹ́gùn pọ̀ jù nìyẹn. Kí á di nọ́ọ̀tì wọ̀nyí, kí á sì wo gbogbo họ́ọ̀sì tí ó wọ ibẹ̀.

ÌTẸ̀PỌ̀

Èyí ni a fi ṣe ìkẹ́yìn nítorí pé òun ni ó náni lówó jù. Bí iná àti epo bá dára, tí sìlíńdà méjì tí ó fara kanra sì dákẹ́ pọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó láàrin wọn nìyẹn, àfi bí wáyà méjì bá ṣi ipò gbà. Ẹ̀rí mìíràn ni èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, omi rédíétọ̀ tí ń dínkù láìsí ibi tí ó ti ń jò, àti ọ́ìlì tí ó ti funfun bí ọ̀gì. Bí ó bá jẹ́ sìlíńdà kan ṣoṣo, fáàfù ni ó lè jóná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí rédíétọ̀ tí ó gbóná.

KÍ Á MÁA LỌ, ÀBÍ KÍ Á DÚRÓ?

Bí ó bá jẹ́ púlọ́ọ̀gì tàbí wáyà kan ni kò ṣiṣẹ́, tí ibi tí a wà kò sì dára láti dúró sí, a lè rọra wakọ̀ dé ìlú tí ó sún mọ́ wa. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe sọ ọ́ di àṣà. Epo tí kò jóná ń fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà, ó sì lè lọ gbiná nínú sàlẹ́ńsà, èyí tí kò dára nínú ọyẹ́ tí koríko gbẹ. Bí ó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, kí á pa ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ń ná ọ̀nà oko kò gbọdọ̀ ṣàìní púlọ́ọ̀gì kan, wáyà kan, kọ́ńtáàtì, kọ́ńdẹ́ńsà, rótọ̀ àti àkísà gbígbẹ nínú mọ́tò.

Ọ̀RỌ̀ TI ÀWA AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá. “Ó ń ta gìrì” kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú “ó ń wúkọ́,” bẹ́ẹ̀ ni “ó ń sín” kì í ṣe “ó ń fà sẹ́yìn.” Èyí tí ń ta gìrì ń pàdánù iná lójijì, èyí tí ń sín láti ẹnu kábúrétọ̀, epo rẹ̀ kò tó, èyí tí ń fà sẹ́yìn lórí òkè, agbára rẹ̀ ni ó ń tán díẹ̀díẹ̀. Ìfìrógbóyeyọ tí à ń kọ́ nínú kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ẹwà èdè ni awakọ̀ fi ń ṣàlàyé àìsàn. Mẹkáníìkì tí ó bá gbọ́ ọ dáadáa ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Láti ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Ó sọ “míìsì” di ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá, ó sì ń fi kọ́ṣẹ́ fún ọmọ iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń lọ sílé fún ìsinmi mú ìwé àti gègé lọ sí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò rẹ̀, kí ó kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, nítorí pé àwọn tí ó mọ ẹ́ńjìnnì oníkọ́ńtáàtì dunjú ti ń dàgbà bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń dàgbà.

Ní ti awakọ̀, ọ̀rọ̀ wa kò ju èyí lọ: kí á béèrè, kí á fetí sílẹ̀, kí á wo iná, kí á wo epo, kí á wo ìtẹ̀pọ̀, kí á tó tọwọ́ bọ àpò.